Bí ẹ́ńjìnnì Camry àti ti Lexus ES bá jẹ́ ọ̀kan náà, iyàtọ̀ wo ni a ń sanwó fún?

Arìnnàjò

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù, ọkàn mi sì pín sí méjì láàrin Toyota Camry V6 ọdún 2010 àti Lexus ES 350 ọdún kan náà. Ẹni tó ń bá mi tọ́jú ọkọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ sọ pé ọkọ̀ kan náà ni méjèèjì: Toyota ló ni Lexus, ẹ́ńjìnnì kan náà ló wà nínú wọn, gíà wọn kò yàtọ̀, ẹni tó bá sì ra Lexus, owó orúkọ ló ń san. Ẹlòmíràn tó ń ta ọkọ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, pé bí mo bá wa méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, n kò ní béèrè ìbéèrè yìí mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ gan-an ni bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń fi ìpìlẹ̀ kan àti ẹ́ńjìnnì kan ṣe ọkọ̀ oríṣiríṣi, ibi tí ìjọra náà parí sí, àti bóyá mo lè fi ẹ̀yà Camry tún Lexus ṣe bí mo bá ra èyí tó wọ́n jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sọ fún mi pé kí n ra èyí tó bá wù mí. Ìdí ọ̀rọ̀ ni mo ń wá.

Mẹkáníìkì V6

Òótọ́ ni ẹni tó ń tọ́jú ọkọ̀ yín sọ nípa ẹ́ńjìnnì. 2GR-FE ni orúkọ rẹ̀, ó jẹ́ onísìlíńdà mẹ́fà, lítà 3.5, òun ló sì wà nínú ọkọ̀ méjèèjì lọ́dún tí ẹ dárúkọ, pẹ̀lú gíà ọ̀tọmátíìkì onípele mẹ́fà kan náà. Kò mọ síbẹ̀. Ẹ óò bá a nínú Avalon, Highlander, Sienna, RAV4 V6 àti Lexus RX 350. Ilé-iṣẹ́ Lotus ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá rà á lọ́wọ́ Toyota, wọ́n sì gbé e sẹ́yìn awakọ̀ nínú Evora tó jáde ní 2009.

Mo ti tú ẹ́ńjìnnì yìí nínú púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí. Bí a bá gbé e kalẹ̀ níwájú mi, àwọn nǹkan tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni mo máa wò kí n tó lè sọ ọkọ̀ tó ti wá. Ara ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ kò ní sọ fún mi. Nítorí náà, ní tèmi, ẹ ra Camry, kí ẹ fi owó tó bá ṣẹ́kù ra táyà tó dára. Ọkọ̀ kan náà ni.

Onímọ̀ Irin

Mo gbà pẹ̀lú Mẹkáníìkì V6 lórí ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n n kò gbà pé ọkọ̀ kan náà ni. Ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń pè ní plátífọ́ọ̀mù kì í ṣe odindi ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Ó jẹ́ àkópọ̀ àwọn nǹkan ìsàlẹ̀ tí ojú oníbàárà kì í sábà tó: irin tí ìjókòó wà lórí rẹ̀, ògiri irin tó ya ẹ́ńjìnnì kúrò lọ́dọ̀ awakọ̀, ibi tí wọ́n ń de ṣọ́ọ̀kì mọ́, ibi tí sítíárìn ń gbà kọjá, ibi tí síìtì ẹ́ńjìnnì jókòó lé, àti ọ̀nà tí wáyà àti páìpù ń gbà lọ sẹ́yìn. Àwọn wọ̀nyí ló ń gba àkókò àti owó jù lọ nígbà tí wọ́n bá ń ya ọkọ̀ tuntun, nítorí pé láti ibẹ̀ ni bí ọkọ̀ yóò ṣe dáàbò bo èèyàn nígbà ìjàǹbá, bó ṣe ń di ọ̀nà mú àti bí ariwo ṣe ń wọ inú rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá ti ná owó náà lẹ́ẹ̀kan, bí iye ọkọ̀ tí wọ́n pín in sí bá ṣe ń pọ̀ sí i ni èyí tó kan ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń dín kù. Ohun tí ojú ń rí ni wọ́n wá máa ń yí padà.

Ẹ wo ohun tí Volkswagen ṣe ní 2012 nígbà tí wọ́n gbé plátífọ́ọ̀mù MQB jáde. Audi A3 ló kọ́kọ́ jókòó lé e, Golf ìran keje tẹ̀ lé e, SEAT Leon àti Škoda Octavia náà sì dara pọ̀. Ohun kan wà tí wọn kò jẹ́ kó yẹ̀ láti ọkọ̀ kan sí èkejì: àlàfo tó wà láàrin àárín ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ àti ibi tí awakọ̀ ń tẹ bíréèkì. Inú àlàfo yìí ni ẹ́ńjìnnì, gíà, sítíárìn àti ẹ̀rọ amúlétutù ti ń du àyè mọ́ ara wọn lọ́wọ́, òun ló sì nira jù lọ láti tún yà. Gbogbo ìyókù lè yí padà: wọ́n lè mú kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn jìnnà sí ti iwájú, wọ́n sì lè mú ọkọ̀ fẹ̀ sí i. Wọ́n tún ṣètò rẹ̀ pé kí ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù àti ti dísẹ́ẹ̀lì rọ̀ sẹ́yìn bákan náà, ní ìwọ̀n dígírì 12, kí ibi kan náà lè gba gbogbo wọn. Láti inú ìdílé yìí ni Polo kékeré ti ọdún 2017 ti wá, ibẹ̀ náà sì ni Atlas onílà ìjókòó mẹ́ta ti wá. Kò sí ẹni tó máa wo àwọn méjèèjì kó sọ pé ọkọ̀ kan náà ni wọ́n.

Ìjọra Camry àti ES ti 2010 jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ, nítorí pé àlàfo láàrin ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn dọ́gba, mílímítà 2,775. Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe to ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì, ohun tí wọ́n fi dí ariwo sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àti nínú ilẹ̀kùn, ìjókòó, dáṣíbọ́ọ̀dù, àti gbogbo irin ìta, kò jọra. Iṣẹ́ gidi ni ìyẹn náà, ó sì náni lówó. Ẹni tó bá ń rìn jìnnà yóò mọ̀ ọ́n lára.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn

Mo ti wa Camry rí, ES ni mo sì ń wà báyìí. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, iyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan. Lórí eré ni ẹ óò ti mọ̀ ọ́n: ohùn afẹ́fẹ́ àti ti táyà kò pọ̀ nínú ES, ara kì í sì í tètè ro ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ àlòkù ni ẹ fẹ́ rà, èyí sì ni ohun tí Onímọ̀ Irin kò sọ. Ohun tí wọ́n fi ya ES sọ́tọ̀, rọ́bà ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì ni, rọ́bà ilẹ̀kùn ni. Àwọn wọ̀nyí ló máa ń gbó kí ẹ́ńjìnnì tó gbó. ES tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ti kú, tí rọ́bà ilẹ̀kùn rẹ̀ ti já, kò sàn ju Camry tí wọ́n tọ́jú dáadáa lọ. Bí ẹ bá máa san owó Lexus, ẹ rí i dájú pé Lexus náà ṣì wà níbẹ̀.

Ọmọ Eré

Kí ló dé tí ẹ dúró sórí 2010? Ẹ ra ES 350 ti 2013, Camry náà ni. Bí ẹ bá sì fẹ́ràn eré, ẹ lọ ra Lexus IS 350, 2GR ló wà nínú òun náà, ẹ̀yà wọn á wọ ara wọn.

Mẹkáníìkì V6

Rárá o, Ọmọ Eré. Ìmọ̀ràn yìí lè mú kí ènìyàn ra ẹ̀yà tí kò ní wọ ọkọ̀ rẹ̀.

ES tí wọ́n tà gẹ́gẹ́ bíi ti ọdún 2013 ti kúrò ní ìwọ̀n Camry. Avalon ló bá dọ́gba, nítorí pé àlàfo láàrin ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó nǹkan bíi mílímítà 2,820, nígbà tí Camry ìgbà náà ṣì dúró sórí 2,775. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn ni wọ́n fi àyè tó lé náà fún. Ohunkóhun tó bá gba abẹ́ ọkọ̀ lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, bíi páìpù èéfín, kò lè jẹ́ ìwọ̀n kan náà mọ́.

Ní ti IS 350, ẹ wo àwọn lẹ́tà tó gbẹ̀yìn. 2GR-FSE ni tirẹ̀, kì í ṣe 2GR-FE. Nínú Camry àti ES, ẹ́ńjìnnì dùbúlẹ̀ ní ìbú, ẹsẹ̀ iwájú ló sì ń yí. Nínú IS, ó dùbúlẹ̀ ní òòró, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló sì máa ń yí nínú púpọ̀ nínú wọn. Lẹ́tà S yẹn sọ fún wa pé epo ń wọ inú sìlíńdà gan-an, ní àfikún sí èyí tó ń gba ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ wọlé, nítorí náà ẹ̀rọ tó ń ti epo àti orí ẹ́ńjìnnì kò jọra. Ibi tí ọ́ìlì ń jókòó sí nísàlẹ̀, síìtì ẹ́ńjìnnì àti gíà náà yàtọ̀. Orúkọ ìdílé ni wọ́n jọ ń jẹ́.

Olólùfẹ́ Honda

Ohun kan náà ni a ń bá yí lọ́dọ̀ tiwa. K24 ni orúkọ ẹ́ńjìnnì Honda kan. Wọ́n máa ń sọ pé K24 ni K24, àmọ́ èyí tó wà nínú Accord ti 2003 ń mú agbára ẹṣin 160 jáde, nígbà tí èyí tó wà nínú Acura TSX ti 2004, tí Honda náà ṣe, ń mú 200 jáde. Lítà 2.4 ni méjèèjì. Orí wọn, káàmù wọn àti bí wọ́n ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú sìlíńdà ló yàtọ̀. Ẹni tó bá ra orí ẹ́ńjìnnì nítorí pé wọ́n kọ K24 sí i lára lè rí i pé kò bá tòun mu.

Òǹkàwé Ìtàn Ọkọ̀

Mo fẹ́ fi ìtàn díẹ̀ kún un, nítorí pé ó jọ pé àwọn kan rò pé Toyota àti Volkswagen ló bẹ̀rẹ̀ àṣà yìí. Nígbà tí ọdún 1979 fi ń parí lọ, ilé-iṣẹ́ Chrysler ní Amẹ́ríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ kógbá sílé, ìjọba ló dúró fún wọn kí wọ́n tó rí owó yá. Plátífọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní K wà lára ohun tó gbé wọn dìde. Ó jáde pẹ̀lú Dodge Aries àti Plymouth Reliant fún ọdún 1981, àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó ń fi ẹsẹ̀ iwájú rìn. Láti ara iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ti fa Dodge Caravan àti Plymouth Voyager yọ fún ọdún 1984, àwọn ọkọ̀ ìdílé onílẹ̀kùn tí ń sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ yìí jẹ́ irú tí ọ̀pọ̀ ìdílé kò tíì rí rí, lórí ìpìlẹ̀ tí wọ́n ti sanwó fún tẹ́lẹ̀.

Àmọ́ àṣà náà ti dójú ti àwọn mìíràn. Fún ọdún 1982, General Motors mú Chevrolet Cavalier, wọ́n yí iwájú rẹ̀ padà díẹ̀, wọ́n fi awọ bo ìjókòó rẹ̀, wọ́n sì tà á ní Cadillac Cimarron. Ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́rin, lítà 1.8, ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí i, agbára rẹ̀ kò sì ju ẹṣin 88 lọ, fún ọkọ̀ tó ń jẹ́ Cadillac! Àwọn oníbàárà rí i kedere pé Cavalier ni, 1988 ló sì dópin. Bí ẹni tó ń tọ́jú ọkọ̀ Arìnnàjò bá sọ pé owó orúkọ ni ènìyàn ń san, irú Cimarron ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá mu jù lọ. ES 250 àkọ́kọ́, èyí tó jáde ní 1989, sún mọ́ Camry gan-an pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wọn kò jókòó síbẹ̀.

Mẹkáníìkì V6

Ìtàn dára, àmọ́ apá kan wà tí a kò tíì fọwọ́ kàn, òun ló sì ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí. Bí ẹ́ńjìnnì bá wà nínú ọkọ̀ púpọ̀, àìsàn rẹ̀ náà yóò wà nínú ọkọ̀ púpọ̀. Lára àwọn 2GR-FE àkọ́kọ́, páìpù tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí VVT-i, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí àkókò tí fáàfù ń ṣí padà, ní apá kan tí wọ́n fi rọ́bà ṣe. Bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, ooru a mú kí rọ́bà náà ya, ọ́ìlì a sì tú jáde kíákíá. Bí awakọ̀ kò bá tètè pa ẹ́ńjìnnì, ó lè bà jẹ́ pátápátá. Kò mọ Camry, kò mọ ES, kò mọ RX. Toyota fi páìpù tó jẹ́ irin látòkè délẹ̀ rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tó wà níta ni wọ́n ti ṣe é fún.

Èyí tó tóbi jù lọ ni ti Volkswagen ní 2015. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì EA189 ni wọ́n fi ètò kọ̀ǹpútà sí, èyí tó ń dín èéfín olóró kù nígbà tí wọ́n bá ń yẹ ọkọ̀ wò nìkan. Nítorí pé ẹ́ńjìnnì náà wà nínú Volkswagen, Audi, SEAT àti Škoda, nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 ọkọ̀ ló kàn káàkiri àgbáyé. Ìwà ẹ̀tàn ni, kì í ṣe àléébù irin, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì kan náà gbà dé ibi púpọ̀ ni ó gbà tàn ká.

Onímọ̀ Irin

Òótọ́ ni ẹ sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo apá kejì. Àléébù tó bá wà nínú ọkọ̀ tó pọ̀ kì í pẹ́ kó tó hàn. Àwọn mẹkáníìkì yóò mọ̀ ọ́n, wọn yóò mọ ọ̀nà tí a fi ń tún un ṣe, ẹ̀yà tí wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀ yóò sì pọ̀ lọ́jà. Ọ̀rọ̀ páìpù rọ́bà yẹn gan-an ni ẹ̀rí mi: ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ṣàlàyé àìsàn àti oògùn rẹ̀ nínú ìpínrọ̀ kan. Ẹ fi wé ọkọ̀ tó dá ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, tí iye tí wọ́n ṣe kò pọ̀. Ẹni tó ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè máa wá ẹni tó mọ ìṣòro rẹ̀ títí tí yóò fi tà á.

Ọ̀nà yìí náà ni Toyota ń tọ̀ lọ. Láti 2015 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò TNGA, ètò pínpín ìpìlẹ̀ láàrin ọkọ̀ wọn, pẹ̀lú Prius ìran kẹrin. Camry tó jáde ní 2017, RAV4 àti ES tó jáde ní 2018, gbogbo wọn ló jókòó lé ẹ̀ka kan náà nínú ètò yìí, tí wọ́n ń pè ní GA-K, ẹ́ńjìnnì lítà 2.5 tuntun kan náà sì wà fún gbogbo wọn.

Arìnnàjò

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn ti là mí lójú nípa ohun tó ń gbó, ES sì ni ọkàn mi ń fà sí bí mo bá rí èyí tí wọ́n tọ́jú. Ó ku ìbéèrè ẹ̀yà. Báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ èyí tó lè wọ ara wọn láìjẹ́ pé ó gbà á gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń tà á?

Olùtajà Ẹ̀yà

Nọ́ńbà ẹ̀yà ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe orúkọ ọkọ̀. Gbogbo ẹ̀yà tó ti ilé-iṣẹ́ wá ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ lára tàbí lórí páálí rẹ̀. Ti Toyota, àmì márùn-ún àkọ́kọ́ ń sọ irú ẹ̀yà tó jẹ́, àwọn tó tẹ̀ lé e sì ń sọ èyí tó jẹ́ gan-an láàrin irú bẹ́ẹ̀. Fún àpẹẹrẹ, fílítà ọ́ìlì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 04152-YZZA1 ni wọ́n ń fi sí 2GR-FE, ìyẹn Camry V6 ni, ES ni, Sienna ni. Lọ́dọ̀ Volkswagen, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ sábà máa ń sọ ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ẹ̀yà náà fún. 1K0 jẹ́ ti Golf ìran karùn-ún, ẹ ó sì bá a lára Octavia, Leon àti Audi A3 ìgbà náà. Lẹ́tà tó bá gbẹ̀yìn nọ́ńbà ń sọ bóyá wọ́n ti tún ẹ̀yà náà ṣe lẹ́yìn èyí àkọ́kọ́, ẹ má ṣe fojú fò ó.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ fún ẹni tó ní ìwé àkójọ ẹ̀yà ilé-iṣẹ́ ní nọ́ńbà ṣáàsì ọkọ̀ yín, kí ó mú nọ́ńbà ẹ̀yà náà jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ti Camry V6 jáde, kí ẹ fi wéra. Bí méjèèjì bá bára mu látòkè délẹ̀, ẹ rà á láìbẹ̀rù. Púpọ̀ nínú ohun tó wà lára ẹ́ńjìnnì náà, bíi fílítà, púlọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì, yóò bára mu. Iná, bọ́ńpà, ilẹ̀kùn, gíláàsì àti bọ́nẹ́ẹ̀tì kò ní bára mu láéláé. Sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù, nítorí pé wọ́n lè dè, kí ọkọ̀ sì rìn, síbẹ̀ kó jẹ́ pé ẹ ti yọ ohun tí ẹ sanwó fún kúrò.

Oníná Ọkọ̀

Ẹ fi èyí kún un. Ohun tó bá ní kọ̀ǹpútà nínú kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ó dè tàbí kò dè. Brainbox Camry, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, lè ní ihò wáyà tó jọ ti ES, ṣùgbọ́n ètò tó wà nínú rẹ̀ yàtọ̀, kò sì mọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín. Bí ẹ bá fi sí i, ẹ́ńjìnnì lè má jí rárá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ti ọkọ̀ mìíràn dán tiyín wò láìní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ ètò sí i.

Mẹkáníìkì V6

Mo fara mọ́ Oníná Ọkọ̀ àti Olùtajà Ẹ̀yà. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Kí ẹ tó sanwó ES yẹn, ẹ ní kí wọ́n fi iná wo ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ní ìhà tí bẹ́líìtì wà, kí wọ́n tọpa páìpù ọ́ìlì VVT-i náà. Bí wọ́n bá rí rọ́bà láàrin irin, ẹ ra páìpù tuntun, kí ẹ sì ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gbé ọkọ̀ náà rin ìrìn-àjò kankan.